Kò tíì san owó orí, ó sì ń lù ú: níbo ni ká gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà?

Àǹtí Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 27, ló ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin kan láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn ará ilé ọkùnrin yẹn wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, ó parí síbẹ̀. Kò sí ìdána, kò sí owó orí, wọn ò dé kóòtù. Oyún dé, ó kó ẹrù ẹ̀ lọ síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó wá kí mi. Oòrùn ọjọ́ yẹn, ewúrẹ́ gan-an ń wá ibòji, àmọ́ àbúrò mi fi ìborùn wé ọrùn bí ẹni tó ń lọ sí Jos. Ìgbà tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú ni ìborùn yẹn tú. Àmì ìka mẹ́rin wà lápá òsì ọrùn ẹ̀, ti àtàǹpàkò wà lápá ọ̀tún. Ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Mo ní, "Ilẹ̀kùn wo ló ní àtàǹpàkò?" Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún.

A gbé ọ̀rọ̀ délé. Màmá wa ní ọkùnrin yẹn ò tíì san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, kó dìde kúrò níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní rárá, ká jẹ́ kó wá ṣe ìdána ná, tó bá ti di àna wa, a ó lẹ́nu láti bá a wí. Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá kan lọ. Ẹni tó jókòó níwájú bi mí pé ṣé ọkọ ẹ̀ ni. Mo ní wọn ò tíì ṣègbéyàwó. Ó ní, "Kí ló wá ń wá nílé ẹ̀?" Mo ní ó ti bímọ fún un o. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, ọkọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ yanjú ẹ nílé."

Ẹ bá mi wò ó. Tó bá jẹ́ ọkọ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Tí kò bá jẹ́ ọkọ, àbúrò mi ló jẹ̀bi. Níbo ni ká gbà?

Bàbá Kẹ́hìndé

Ẹ rọra o, ọmọ mi. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n á sì tún jọ máa gbé. Ẹ má tètè sáré dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ pe àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, kí ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, kó tọwọ́ bọ̀wé. Ọmọ ti wà láàárín. Ilémoṣú kò dáa fún ọmọ obìnrin.

Ìyá Ẹlẹ́ran Bódìjà

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Eyín a máa ge ahọ́n jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí eyín tó ti ahọ́n mọ́lé, tó tún gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Àti pé ẹni tí ẹ ní kò tíì lọ́kọ, báwo ló ṣe fẹ́ di ilémoṣú?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àǹtí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdána sílẹ̀ ná. Ẹ gbé àbúrò yín lọ sí ọsibítù lónìí, kí ẹ tiẹ̀ tó ka èyí tí mo fẹ́ kọ yìí tán.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò nídìí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìgbájú, ìkúùkù, bẹ́líìtì, omi gbígbóná, mo ti rí gbogbo ẹ̀. Èyí tó máa ń já mi láyà jù ni ọrùn, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fi àmì kankan hàn lára. Ti àbúrò yín tó hàn yẹn, oore ni. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé, kó máa rẹ́rìn-ín, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn sì ti ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rọpárọsẹ̀ lè wá já lù ú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé á wá máa wá ẹni tó ṣe é.

Ẹ bi í léèrè pé: ṣé ohùn ẹ̀ ti há? Ṣé ó ń dùn ún tó bá ń gbé itọ́ mì? Ṣé ojú ẹ̀ ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àbí ìṣẹ́jú kan wà tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀? Ẹ wo ẹyinjú ẹ̀ dáadáa, àti ẹ̀yìn etí, bóyá àmì pupa kéékèèké wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Ṣé ó tọ̀ sára? Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní ti ìtọ̀ yẹn, kí ọkùnrin kankan má sí níbẹ̀, torí ojú máa ń tì wọ́n, wọn ò sì ní sọ ọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀kan péré, ẹ sọ fún dókítà.

Ìdí kejì tí mo fi ń pariwo ni pé àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wọn pa wé àwọn tí wọ́n ń lù ṣùgbọ́n tí wọn ò kú. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2008 ni pé, bí ọkùnrin bá ti fún obìnrin kan lọ́rùn rí, ewu pé ó máa pa á lẹ́yìnwá ọ̀la ju ìlọ́po méje ti ẹni tí kò fún lọ́rùn rí lọ. Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ dákun, ohun tí àgbà ń jókòó lé kọ́ nìyí.

Tí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun ṣubú. Ohun tí ẹ bá sọ la máa kọ. Kó dárúkọ ẹni tó ṣe é, kó sọ pé ọwọ́ kan ni tàbí méjì, kó sọ ọjọ́ àti àsìkò. Ẹ ya fọ́tò ọrùn yẹn lónìí, ẹ tún yà á lọ́la àti lọ́tùúnla, torí àmì máa ń dúdú sí i kó tó parẹ́.

Ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé 36 nínú 100 obìnrin tó ti ní ọkọ rí ni ọkọ ti lù, tàbí fipá bá lò pọ̀, tàbí fi ọ̀rọ̀ àti ìhàlẹ̀ jẹ níyà. Nínú ìwádìí kan náà, 28 nínú 100 obìnrin ló ní ìdí kan wà tó tọ́ kí ọkọ torí ẹ̀ na ìyàwó. Obìnrin bíi tiwa o! Ìgbà tí mo kà á, mo ní kí n tún un kà.

Lọ́yà Aláàárọ̀

Agbẹjọ́rò ni mí lóòótọ́, àmọ́ ẹ má pè mí ní lọ́yà yín o, mi ò tíì rí fáìlì.

Ọlọ́pàá tó dá Àǹtí lóhùn yẹn kò mọ òfin ìlú tó ń ṣọ́. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dá lórí ìwà ipá abẹ́ ilé, àwọn tí òfin náà dáàbò bò sì ju ìyàwó lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n so yìgì fún, ẹni tí wọ́n dána fún, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó jọ ń gbé láìṣègbéyàwó wà níbẹ̀, àwọn tó jọ gbé rí tí wọ́n ti túká náà wà níbẹ̀. Àwọn tó jọ bímọ wà níbẹ̀. Àfẹ́sọ́nà wà níbẹ̀, àní àwọn tó kàn ń fẹ́ra. "Ṣé ọkọ ẹ̀ ni?" tí ọlọ́pàá bi yẹn, bẹ́ẹ̀ ni o, rárá o, inú òfin yìí náà ni ìdáhùn méjèèjì ń já sí.

Ìlù nìkan kọ́ ni òfin náà kà. Ìbálòpọ̀ tipátipá wà níbẹ̀. Èébú àti ìhàlẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró wà níbẹ̀. Kí èèyàn di owó mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́ títí kò fi ní rówó ra oúnjẹ tàbí oògùn, ó wà níbẹ̀. Kó máa ṣọ́ ọ kiri, kó ba ẹrù ẹ̀ jẹ́, gbogbo ẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ gbà ní kóòtù ni àṣẹ ìdáàbòbò. Kóòtù lè sọ fún ọkùnrin náà pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, kò gbọ́dọ̀ dé ilé ẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ ẹ̀, ó tiẹ̀ lè ní kó kúrò nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Tó bá tàpá sí i, wọ́n máa mú un. Àǹtí, ẹ̀yin náà lè bá a gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ, tí òun bá ti fọwọ́ sí i.

Ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ pè ni àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́ ilé àti ti ìbálòpọ̀, tí wọ́n ń pè ní DSVA. Ní 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó di àjọ tó dá dúró ní 2021. 08000-333-333 ni nọ́ńbà wọn, wọn kì í gba owó ìpè, wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń lù ú lọ́wọ́, 112 ni kí ẹ pè. FIDA náà wà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin. Tí ẹ bá tún padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má bá ẹni iwájú jiyàn, ẹ béèrè Gender Desk tàbí Family Support Unit, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń parí ìjà lọ́nà àlàáfíà, ẹ sọ pé ẹ ò lọ. Ìjà lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé nìyẹn wà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí l'Ékòó, ẹ fọkàn balẹ̀: gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló ti ní òfin tiwọn. Èkìtì ti ṣe tiwọn láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ògùn ṣe tiwọn ní 2017. Ti ìjọba àpapọ̀, VAPP, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, Àbújá ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí; lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura.

Wàyí o, apá tí kò dùn. Gbígbé pọ̀ nìkan, láìsí ìdána, láìsí yìgì, láìsí kóòtù, kì í sọ obìnrin di ìyàwó, ì báà pé ogún ọdún. Tí ọkùnrin náà bá kú lọ́la, àwọn ẹbí ẹ̀ lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, yóò sì ṣòro fún un láti dúró lórí orúkọ ìyàwó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú kejì: kò nílò ìkọ̀sílẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ kọ̀. Ẹni tó ṣe ti ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga ló máa lọ, tí ìgbéyàwó náà ò bá sì tíì pé ọdún méjì, ó máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ ná. Ẹni tó ṣe ti ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ bíi ti Mápó n'Íbàdàn ni. Àbúrò yín kàn lè gbé ọmọ ẹ̀ kó jáde ni.

Ọmọ ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 42, ti sọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi irú ìbí tí wọ́n bí èèyàn du ú ní ẹ̀tọ́ kankan. Ọmọ bàbá ẹ̀ ni, owó oúnjẹ ẹ̀ wà lọ́rùn bàbá ẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Tí ẹ bá gba owó orí báyìí lọ́wọ́ ẹni tó fún ọmọ yín lọ́rùn, ohun tó máa yé e ni pé ẹ ti rí àpá yẹn, ẹ sì dá iye lé e.

Kọ́lá Ìbàràpá

Lọ́yà, mo gbọ́ ọ rí pé òfin Nàìjíríà fàyè gba ọkọ láti na ìyàwó ẹ̀. Ṣé irọ́ ni?

Lọ́yà Aláàárọ̀

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Inú Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn ilẹ̀ Òkè Ọya, ló wà, abala 55, pé ọkọ lè fìyà tọ́ ìyàwó ẹ̀ sọ́nà níbi tí àṣà bá ti gbà á, tí kò bá ti ṣe é léṣe tó burú. Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Ògùn kò sí lábẹ́ Penal Code yẹn rí. Ẹni tó bá fi halẹ̀ mọ́ yín n'Íbàràpá, ẹ ní kó gbé e lọ sí Kánò.

Gbẹ́nga Onímọ́tò

Ọ̀rọ̀ yìí ò le o. Àwa ọkùnrin mẹ́rin péré, alẹ́ ọjọ́ kan. Á mọ̀ pé ó níbi tí wọ́n ti bí i.

Lọ́yà Aláàárọ̀

Gbẹ́nga, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa sun àgọ́. Òun á wá di olùpẹ̀jọ́, á ní fọ́tò, á ní ìwé dókítà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ran Bódìjà

Gbẹ́nga ṣáà ń wá ibi tó máa lo apá ẹ̀ sí. Wá bá mi gbé màlúù.

Aláṣọ Gbàgì

Àǹtí Ìkòròdú, èmi ni àbúrò yín yẹn lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n tètè kúrò, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìfẹ́ ni, àbí pé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ mi.

Owó ni. Káàdì ATM mi ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ láti oṣù kejì tí mo débẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀ ni ìkìlọ̀ báńkì mi ń lọ. Tí mo bá ta aṣọ ní Gbàgì, ó ti mọ iye tó wọlé kí n tó wọ mọ́tò. Ó máa ń ra ẹyin ní kíréètì, á sì máa kà á lálaalẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹyin ku mọ́kànlá, ó yẹ kó ku méjìlá. Ọmọ aládùúgbò ni mo sè é fún, ó ń sunkún ebi. Nítorí ẹyin kan, eyín mi kan lọ. Tí ẹ bá wo iwájú ẹnu mi, ẹ máa rí i, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, mo rà á ni.

Lẹ́yìn ẹ̀ á sunkún. Á ra ṣuya, á ra reluwé ìṣeré fún ọmọ, á kúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan, ilé á tutù bí omi àmù. Mo máa ń fẹ́ràn àsìkò yẹn, kí n má parọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé tutù yẹn náà wà lára ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ₦200 nínú owó ata. Inú ike èlùbọ́ ni mò ń kó o sí, nínú èlùbọ́ gan-an, torí ẹni tí kì í ro ọkà kò ní tọwọ́ bọ ibẹ̀. Oṣù méje. Ọjọ́ tí mo lọ, dírẹ́fà gbọn owó mi síta wíńdò kó tó kà á, ó ní ṣé ọlọ́kà ni mí.

Ohun tí mo ṣe nìyí, kí àbúrò yín mú èyí tó bá wúlò. Mi ò sọ fún un pé mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kó má sọ, kó má fi halẹ̀ mọ́ ọn, kó má kọ lẹ́tà kankan sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé o ti ń jáde gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ọ̀sán gangan ni mo lọ, nígbà tó wà níbi iṣẹ́. Oru tí wọ́n máa ń sọ yẹn, inú eré ni. Ṣáájú ọjọ́ náà mo ti ń kó ìwé jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí ọmọ, NIN, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ẹ̀rí mi. Ìyá tó ń ta iyọ̀ ládùúgbò ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Mi ò fún ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì, nítorí ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Èmi àti ìyá oníyọ̀ tún ní ọ̀rọ̀ kan: tí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "ẹ bá mi tọ́jú iyọ̀ òkúta", kó wá kanlẹ̀kùn, kó fi ohunkóhun ṣe àwáwí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo WhatsApp àbúrò yín náà, ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ ọn sí. Ti èmi ti so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkùnrin yẹn láti ọdún kan, mi ò mọ̀. Àmọ́ kó má tíì yọ ọ́ títí á fi jáde, kó lo fóònù ẹlòmíràn fún ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́.

Èyí wá wà fún ẹ̀yin ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo padà, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò dá sí i mọ́, pé ó dùn mọ́ mi ni. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi pè é, ọkùnrin yẹn sì lù mí nínú oṣù mẹ́rin yẹn ju bó ti ṣe lù mí rí lọ. Ẹni tó jẹ́ kí n jáde ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni àǹtí mi kan ní Ṣakí. Kì í bi mí ní nǹkan kan. Tó bá ti pè, tá a bá ti kíra tán, á kàn ní, "Yàrá ẹ̀yìn ṣì ṣófo o."

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Aláṣọ, ẹ kú orí ire.

Ìyá Ìjọ

Ìyàwó pásítọ̀ ni mí, mo sì mọ iye obìnrin tí mo ti sọ fún pé kó lọ gbàdúrà sí i. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti April 2022 tí Osinachi Nwachukwu, akọrin ìhìnrere tí gbogbo wa ń kọ orin ẹ̀, kú l'Ábùjá. Ní April 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga Àbújá dá ọkọ ẹ̀ lẹ́bi ikú ẹ̀, wọ́n sì dájọ́ pé kí wọ́n yẹgi fún un. Àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́rìí ní kóòtù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "nítorí ọmọ, fara dà á", ẹ ro ti ọmọ tó dúró níwájú adájọ́ láti sọ ohun tí bàbá ẹ̀ ṣe fún ìyá ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdúrà ò burú. Ẹni tó ti wà níta ilé náà kúkú lè gbà á.

Bọ́ọ̀dá Agége

Mo ti ń ro ó bóyá kí n kọ èyí. Èmi ni ìyàwó mi ń lù nílé tèmi. Ó da omi ata sí mi lójú, ó fi bàtà gígùn ya mi lórí, ó tún máa ń sọ pé tí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, òun á ya aṣọ ara òun. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹmu fi dà.

Lọ́yà, ṣé òfin yẹn kàn mí?

Lọ́yà Aláàárọ̀

Ó kàn yín, sà. Òfin náà ò sọ obìnrin, ò sọ ọkùnrin. Nọ́ńbà kan náà, ìwé kan náà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má fọwọ́ kàn án padà, ẹ jáde nínú yàrá tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ síbi tí kò lè rí i.

Ìyá Ẹlẹ́ran Bódìjà

Bọ́ọ̀dá Agége, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín níbí.

Ọmọ Yorùbá Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa níhìn-ín kún un, torí ó pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ wa ló bá fíìsà ẹnì kejì wọlé, ẹni tó ń kàwé tàbí tó ń tọ́jú arúgbó. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ni "màá pe Home Office", iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí fíìsà, "wọ́n á dá ẹ padà sílé". Láti 2015 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales kí èèyàn máa jẹ gàba lé ẹnì kejì ẹ̀ lórí, bí kò bá tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Láti 2022 ni fífún èèyàn lọ́rùn ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra ẹ̀.

Ètò kan wà fún ẹni tó bá fíìsà ẹnì kejì wá tí wọ́n ń fìyà jẹ, MVDAC ni wọ́n ń pè é. Oṣù mẹ́ta ni, ó ń fún èèyàn láyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba kó lè jáde kúrò nínú ilé náà. Àmọ́ ẹ bá lọ́yà fíìsà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ sí i, torí fíìsà tẹ́lẹ̀ máa parẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ti ibẹ̀ gba ìwé ìgbélùú. 0808 2000 247 ni nọ́ńbà ìrànwọ́ fún ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé, lọ́sàn-án lóru, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ fi fóònù alágbèéká pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, tí wọ́n bá ti ní kí ẹ tẹ 55, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kẹ́hìndé

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. N kò mọ̀ pé ọrùn le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin náà wà ní ilé ọkọ ní Ṣàgámù, ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń fi ìborùn wé ọrùn wá kí mi, mo rò pé ìsìn tuntun ni. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́la. N kò ní sọ fún ọkọ ẹ̀ pé mo ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má bi í léèrè níwájú ọkọ ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó sin yín dé gáréèjì.

Àǹtí Ìkòròdú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣé o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé.

A dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohùn ẹ̀ ti há lóòótọ́, mo rò pé ẹkún ló fà á. Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ìtọ̀ yẹn, ìgbà tí mo bi í, kò dá mi lóhùn, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Dókítà ní kí wọ́n ya àwòrán inú ọrùn. Iṣan ò ya, a dúpẹ́. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, orúkọ, ọjọ́, ọwọ́ méjì.

Mo pe nọ́ńbà tí Lọ́yà fún wa, obìnrin kan ló gbé e, kò bi mí pé ṣé ọkọ ẹ̀ ni. A ti kọ̀wé fún àṣẹ kóòtù. Àbúrò mi àti ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé bóyá òun kàn máa lọ wò ó. Aláṣọ, mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mi ò jà. Mo kàn ní mo ti ra ibùsùn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ṣì ń bínú pé a ò dúró de ìdána.

Ìbéèrè kan ló kù. Fíríìjì kan wà nílé ọkùnrin yẹn, àbúrò mi ló rà á pẹ̀lú owó àjọ, ó fi ń ta omi tútù. Ọkùnrin náà ní kò sóhun tó jẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Lọ́yà, ṣé a lè gbé e?

Lọ́yà Aláàárọ̀

Ẹ má lọ gbé e fúnra yín o, ẹ jẹ́ kó wà nínú ohun tí ẹ máa bi kóòtù. Rìsíìtì ńkọ́?

Àǹtí Ìkòròdú

Ó wà. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Àmọ́ omi ti kàn án, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ti ń parẹ́.

Lọ́yà Aláàárọ̀

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ báyìí báyìí, kí èyí tó kù tó lọ.